Ọ̀já Ọrùn Ọwọ́ àti Òógùn Ẹni Tó Ń Gbá Ráákẹ́ẹ̀tì

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí abọ́ àmàlà. Ẹni tó bá ń fi ewédú tó yọ̀ dáadáa jẹ àmàlà, tó sì gbé ọwọ́ sókè kó tó fi òkèlè sẹ́nu, mọ ohun tí ọbẹ̀ náà máa ń ṣe. Á yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọwọ́, á kọjá ọrùn ọwọ́, kí èèyàn tó mọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìgúnpá. Ọmọdé á fi ahọ́n lá a. Àgbàlagbà á rọra rẹ ọwọ́ sílẹ̀, ọbẹ̀ á ṣẹ́rí padà, á tún máa bọ̀ ní ọ̀nà ìka. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀nà han ewédú. Ibi tó bá ti rẹlẹ̀ ló ń lọ.

Òógùn kò gbọ́n ju ewédú lọ. Ó ń yọ láti èjìká, láti apá òkè, láti ìgúnpá, ó sì ń wá ìsàlẹ̀ kiri. Nígbà tí ẹni tó ń gbá tẹníìsì bá na ọwọ́ sókè láti fi bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ eré, òógùn apá rẹ̀ á padà sí ìgúnpá, kò sí wàhálà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n báwo ni ọwọ́ ṣe máa ń pẹ́ tó lókè? Kíá ni apá á tún so rọ̀. Ẹni náà á tẹ̀ síwájú, á gbé ráákẹ́ẹ̀tì síwájú ìbàdí, á máa retí ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ fẹ́ ṣe, àtẹ́lẹwọ́ á sì wá di ìsàlẹ̀ odò. Bó bá tún ju apá láti gbá bọ́ọ̀lù, ṣe ló dà bí ẹni tó fọwọ́ tán tó ń gbọn omi dànù: gbogbo ẹ̀kán tó wà lápá ló máa sáré lọ sí ọ̀nà ìka. Ọ̀já kékeré tí àwọn eléré máa ń fi sí ọrùn ọwọ́, ojú ọ̀nà yẹn gan-an ló dúró sí.

Ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò ló ti wo ọ̀já yìí tí wọ́n sì ṣe kàyéfì nípa rẹ̀. Ẹ ń rí àwọn ọmọ LASU tí wọ́n gbé àpò ráákẹ́ẹ̀tì kọ́ èjìká. Ẹ ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó yí tábìlì pákó ká nírọ̀lẹ́ ní ẹ̀sìtéètì Ìbà, tí ẹni tí wọ́n bá nà á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹlòmíràn lè wọlé. Nínú wọn, ẹnì kan á wọ ọ̀já funfun tàbí pupa sọ́wọ́, àwọn yòókù á máa wò ó bóyá ó kàn fẹ́ jọ àwọn tó ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n ni. Èrò tèmi ni pé ọ̀já náà wúlò. Iṣẹ́ omi ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ náà ṣe, pàápàá fún àwa tí a ń gbé lẹ́bàá omi. Ẹni tó bá rà á nítorí pé ó fẹ́ kó fún òun lágbára, tàbí kó di eegun ọwọ́ òun mú, ló máa fi owó rẹ̀ ṣòfò.

Kí ló dé tí mo fi dárúkọ àwa tí a ń gbé lẹ́bàá omi? Ẹ rántí àmù ìyá àgbà tó máa ń wà ní igun ilé. Amọ̀ ni, ihò tí ojú kò rí kún ara rẹ̀, omi inú rẹ̀ sì ń rọra yọ sí ẹ̀yìn ìkòkò bí ara tó ń làágùn. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí omi tó yọ síta yìí, omi náà á gbẹ, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń kó ooru inú ìkòkò lọ. Nígbà ọyẹ́, tí ètè ń là, omi àmù á tutù débi pé á máa ta eyín. Nígbà òjò, àmù yẹn náà ni, igun ilé yẹn náà ló wà, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ á kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ̀yìn ìkòkò á tutù rinrin, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kò sì ní gbẹ. Afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, kò láyè fún òmíràn mọ́.

Olùkọ́ kan wà ní ìpínlẹ̀ Jigawa, Muhammed Bah Abba, tó fi ọgbọ́n àmù yìí ṣe ohun tí ayé gbọ́. Ó gbé ìkòkò kékeré sínú ìkòkò ńlá, ó da yanrìn tútù sí àárín méjèèjì, ó kó èso àti ẹ̀fọ́ sínú èyí tó wà láàárín, ó sì fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Ìkàn tó máa ń bàjẹ́ láàárín ọjọ́ 3 lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000 nítorí iṣẹ́ yẹn. Ilẹ̀ òkè Ọya tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ ni ìkòkò náà ti ṣe bẹ́bẹ. Ẹ gbé e wá sí Ọ̀jọ́ ní oṣù Kẹfà, níbi tí ọ̀sà Badagry wà létí ilé, tí òkun sì wà lódìkejì rẹ̀, yóò ṣe bí àmù ìyá àgbà ṣe máa ń ṣe nígbà òjò.

Ara èèyàn náà, àmù ni. Òógùn tó bá gbẹ ló ń tu ara lára. Èyí tó bá ń kán sílẹ̀ kò ṣe ara láǹfààní púpọ̀. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Kano nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè máa làágùn gan-an kí awọ rẹ̀ sì gbẹ, kó jẹ́ iyọ̀ nìkan ló máa rí lára aṣọ rẹ̀. Ẹni tó ń gbá a ní Okokomáíkò, àgbàrá ló ń ṣàn lápá rẹ̀. Omi tó yẹ kó fò lọ sínú afẹ́fẹ́ kò rí ibi fò lọ, ó wá di arìnrìn-àjò tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí àtẹ́lẹwọ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọ̀já tó jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ lásán fún ẹni tó ń ṣeré nínú òtútù ìlú òyìnbó jẹ́ irinṣẹ́ fún wa níbí.

Ẹlòmíràn lè ní ká tan fáànù. Ẹ jẹ́ ká fi ti iná mọ̀nàmọ́ná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì kò wúwo ju gíráàmù 2.7 lọ. Bọ́ọ̀lù badminton, èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ 16 tò yí orí kékeré kan ká, wà láàárín gíráàmù 4.74 sí 5.50. Èémí ẹnu ọmọdé lè yí ọ̀nà wọn padà. Nítorí náà àwọn tó ń gbá eré méjèèjì yìí nínú gbọ̀ngàn máa ń pa fáànù, àwọn elébadminton a sì tún ti fèrèsé mọ́ra wọn, kí atẹ́gùn má bàa gbé bọ́ọ̀lù lọ. Gbọ̀ngàn tí fèrèsé rẹ̀ tì, ní Èkó, lọ́sàn-án! Ẹni tó bá ti wọ ibẹ̀ rí mọ̀ pé ìgbà tí eré bá fi máa dé ìdajì, omi á ti máa kán láti àgbọ̀n gbogbo wọn.

Ohun tí omi yìí ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ni kókó ọ̀rọ̀. Àgbẹ̀ tó fẹ́ kọ ebè máa ń tu itọ́ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á fi pa ọwọ́ méjèèjì, kó tó di ẹ̀rúkọ́ mú. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Awọ ọwọ́ tó gbẹ kangbẹ a máa yọ̀ lára igi. Omi díẹ̀ á mú awọ náà rọ̀, á lẹ̀ mọ́ ara igi, ọkọ́ kò sì ní yí lọ́wọ́. Àmọ́ bí òjò bá ká àgbẹ̀ yẹn náà mọ́ orí ebè, ẹ̀rúkọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí ẹja àrọ̀, á sì máa wá ibi gbígbẹ nínú aṣọ rẹ̀ tó lè fi nu ọwọ́. Omi kan náà ló ràn án lọ́wọ́ lówùúrọ̀ tó dí i lọ́wọ́ lọ́sàn-án. Bó ṣe pọ̀ tó ló yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ tó ti wọn bí awọ ṣe ń di nǹkan mú rí ohun tí àgbẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́: bí awọ bá tutù díẹ̀, dídi-mú rẹ̀ á lágbára sí i, bí omi bá wá tẹ́ sórí rẹ̀, dídi-mú náà á já.

Ẹ wá wo ìdí ráákẹ́ẹ̀tì bí ẹ̀rúkọ́. Ráákẹ́ẹ̀tì tẹníìsì tó nǹkan bíi gíráàmù 300. Bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀ wúwo tó gíráàmù 56 sí 59.4, eré ló sì ń bá bọ̀. Bí bọ́ọ̀lù náà kò bá kan àárín gbùngbùn okùn, ó máa fẹ́ yí ráákẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹni lọ́wọ́. Ọwọ́ gbígbẹ á kọ̀ fún un. Ọwọ́ tó kún fún omi á gbà fún un díẹ̀, díẹ̀ yẹn náà sì ti tó. Gígùn pápá tẹníìsì jẹ́ mítà 23.77, bí ojú ráákẹ́ẹ̀tì bá fi ìwọ̀n èékánná yí ní ìdí níhìn-ín, bọ́ọ̀lù á ti kúrò nínú ìlà kó tó dé ọ̀hún. Eléré tó bá ti rí i pé ó ń yọ̀ lọ́wọ́ òun á wá fún ìdí ráákẹ́ẹ̀tì mọ́ ọwọ́ pinpin. Ìyẹn náà ní ìyà tirẹ̀, nítorí iṣan apá á rẹ̀ ẹ́ kíákíá, ọwọ́ tó le gbagidi kò sì lè gbá bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ nígbà tó bá yẹ kó gbá a jẹ́jẹ́.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ dáadáa, torí ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀já náà gbọ́. Nígbà òjò, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní àwọn òpópónà tó rẹlẹ̀ ní Okokomáíkò máa ń to àpò iyanrìn sí ẹnu ọ̀nà kí àgbàrá títì má bàa wọlé. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí páànù orí ilé bá ti lu, àpò iyanrìn ìbáà ga dé orókún, omi á ṣì máa jò sórí bẹ́ẹ̀dì. Òógùn tó ń dé àtẹ́lẹwọ́ ní orísun méjì bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ń ti apá bọ̀, òun ni àgbàrá títì. Èkejì ń yọ láti inú àtẹ́lẹwọ́ fúnra rẹ̀, nítorí ihò òógùn tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ pọ̀ gan-an ju ti ibòmíràn lára lọ. Èyí kejì yìí kò sì dúró de oòrùn. Ìbẹ̀rù àti ìfòyà ló ń tètè pè é jáde ju ooru lọ. Ẹ jẹ́ kí èsì di 10 sí 10 níbi tẹníìsì orí tábìlì, kí àwọn èèyàn sì dákẹ́ rọ́rọ́ yí tábìlì ká, àtẹ́lẹwọ́ á tutù kódà bí ó bá jẹ́ pé inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà ni wọ́n ti ń ṣeré.

Ọ̀já ọrùn ọwọ́ kò lè ṣe nǹkankan sí òógùn àyà-jíjá yìí, torí orísun rẹ̀ ti wà níwájú ibi tí ọ̀já wà. Ẹni tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń ṣomi ní láti tún páànù ṣe ni. Ohun tí àwọn tó mọ eré náà ń ṣe ni pé wọ́n á wé ìdí ráákẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú téèpù rírọ̀ tó ń mu omi, wọ́n á sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ti ń dán tó sì ń yọ̀. Àwọn elébadminton míràn tiẹ̀ máa ń wé aṣọ bíi aṣọ ìnura mọ́ ọn. Ẹni tí kò lówó téèpù lọ́wọ́ lè máa nu ọwọ́ àti ìdí báàtì lóòrèkóòrè. Bí ó bá jẹ́ pé owó ohun kan ṣoṣo lẹ ní, tí àtẹ́lẹwọ́ yín sì máa ń tutù ṣáájú apá, ẹ ra téèpù, kí ẹ fi ọ̀já sílẹ̀ ná.

Ó ku ọ̀rọ̀ nínu òógùn. Àwọn eré yìí ní òfin tí kì í jẹ́ kí èèyàn máa sáré lọ bá aṣọ ìnura nígbà tó bá wù ú. Níbi tẹníìsì orí tábìlì, lẹ́yìn àmì mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń fún yín láyè láti nu ojú, àti nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ nínú gèémù tó kẹ́yìn. Níbi badminton, ẹ ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ eré. Níbi tẹníìsì orí pápá, ìṣẹ́jú-àáyá 25 ló wà láàárín àmì kan sí èkejì. Láàárín àwọn àkókò wọ̀nyí, omi ń ti iwájú orí bọ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ ń ta ojú, bọ́ọ̀lù sì ń bọ̀. Ọ̀já ọwọ́ wá di aṣọ ìnura tí kò jìnnà: ẹ kàn gbé apá, ẹ fi ọrùn ọwọ́ nu iwájú orí ní ẹ̀ẹ̀kan, ó tán. Ọwọ́ tí kò mú ráákẹ́ẹ̀tì ni mo fara mọ́ fún ìyẹn, kí ti ọwọ́ tó mú ráákẹ́ẹ̀tì lè máa gbẹ fún iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí Rafael Nadal, tí òógùn máa ń bò, ṣì ń gbá tẹníìsì, ọwọ́ méjèèjì ló máa ń wọ̀ ọ́ sí.

Tẹníìsì orí tábìlì ni eré ráákẹ́ẹ̀tì tó sún mọ́ ilé jù fún wa, nítorí náà mo fẹ́ fi àkókò díẹ̀ lé e. Eré yìí ti ṣe wá lóore. Láti ọdún 1968 ni wọ́n ti ń gbá ife Asoju Oba l'Ékòó, èyí tí Olóyè Molade Okoya-Thomas dá sílẹ̀. Segun Toriola lọ sí Òlíḿpíìkì ní ìgbà méje, láti 1992 dé 2016. Funke Oshonaike náà lọ ní ìgbà méje. Aruna Quadri, ọmọ Ọ̀yọ́, dé ìpele ẹni mẹ́jọ tó kù ní Rio ní 2016. Kò tíì sí ọmọ Áfíríkà tó dé ibẹ̀ rí níbi eré ẹlẹ́nìkan ṣáájú rẹ̀. Eré tí irú àwọn èèyàn wọ̀nyí ti inú rẹ̀ jáde tó ká bi ara wa bí a ṣe lè tọ́jú rẹ̀ ní àdúgbò.

Òógùn a máa ṣe ibi méjì mìíràn lórí tábìlì yàtọ̀ sí ìdí báàtì. Àkọ́kọ́ ni rọ́bà ojú báàtì. Rọ́bà yẹn ló ń di bọ́ọ̀lù mú fún àkókò kékeré tí ojú kò lè rí, tó ń yí i bí òkòtó kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀kán omi kan bá wà lórí rọ́bà, bọ́ọ̀lù á yọ̀ kọjá láì yí, á bọ́ sínú nẹ́ẹ̀tì, ẹni tó gbá a á sì máa wo báàtì bíi pé ó da òun. Èkejì ni ọwọ́ òfo. Òfin sọ pé kí bọ́ọ̀lù jókòó lórí àtẹ́lẹwọ́ tó là sílẹ̀, kí ẹ jù ú sókè tó sẹ̀ǹtímítà 16 ó kéré tán, kí ẹ tó gbá a. Ọwọ́ tó gbé bọ́ọ̀lù yẹn wà nísàlẹ̀, ó là sókè bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ gba ẹ̀kọ gbígbóná, òógùn apá á sì tọ̀ ọ́ wá. Bọ́ọ̀lù tó bá ti rin níbẹ̀ á gbé omi lọ sórí rọ́bà. Fún ẹni tó ń gbá tẹníìsì orí tábìlì, èmi á kọ́kọ́ fi ọ̀já sí ọwọ́ tí kò mú báàtì, àgàgà nígbà tí báàtì fúnra rẹ̀ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan kì í fẹ́ ohunkóhun lọ́rùn ọwọ́ tó mú un.

Ọ̀já yìí ní ìtàn tó kan Èkó. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje 1975, Arthur Ashe, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, na Jimmy Connors ní 6–1, 6–1, 5–7, 6–4 ní ìparí eré Wimbledon, òun sì ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ife yẹn. Ọ̀já aláwọ̀ pupa, funfun àti búlúù ló wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ló wá gbá tẹníìsì l'Ékòó. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Mohammed, ní ọjọ́ 13. Wọ́n dá eré dúró. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, Ashe àti Jeff Borowiak ń gbá a lọ́wọ́ nígbà tí àwọn sójà ya wọ pápá tí wọ́n sì tú gbogbo èèyàn ká. Wọn kò parí eré náà níbí. Ní ọdún 1983, ọmọ wa Nduka Odizor, tó ti ń ṣa bọ́ọ̀lù fún àwọn eléré l'Ékòó nígbà èwe rẹ̀, na Guillermo Vilas ní ìpele àkọ́kọ́ Wimbledon, ó sì dé ìpele ẹni mẹ́rìndínlógún.

Ẹ jẹ́ ká padà sójú ọ̀nà wa. Gbogbo àwa tó ń gba ọ̀nà Badagry la mọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line. Láti oṣù Kẹsàn-án 2023 ló ti ń gbé èrò láti Marina wá sí Mile 2, apá kejì rẹ̀ ló sì máa dé Okokomáíkò. Ẹni tó bá ń lọ sí Okokomáíkò nínú ọkọ̀ náà, Mile 2 ló ti máa sọ̀kalẹ̀. Ọ̀já ọrùn ọwọ́ ni Mile 2 òógùn. Èjìká ni Marina, àtẹ́lẹwọ́ ni Okokomáíkò, gbogbo èrò tó bá ti èjìká bọ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ọ́lẹ̀ lọ́rùn ọwọ́. Ẹ wá fojú inú wo Mile 2 nígbà tí èrò kún ibẹ̀ dé gẹ́gẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ tí kò rí ibi dúró, ṣé kò ní fẹsẹ̀ rìn síwájú ni? Ọ̀já tó ti mu omi yó ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Gbogbo ìgbà tí ọrùn ọwọ́ bá tẹ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù ni yóò máa fún ún, omi tó ti kó jọ á sì dà sí ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì pọ̀ ju èyí tí ì bá máa dé díẹ̀díẹ̀ lọ. Ẹni tó fi ọ̀já kan ṣoṣo gbá bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ dọ́sàn-án lè máa ṣépè fún ọ̀já pé kò wúlò, kó sì jẹ́ pé ìdajì àkọ́kọ́ ló ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán. Bí ẹ bá fọwọ́ fún un tí omi kán, ó ti tó ìgbà láti bọ́ ọ.

Ní ti agbára, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín. Ọ̀já aṣọ kò di eegun ọrùn ọwọ́ mú; ó rọ̀ jù fún ìyẹn. Bí ọrùn ọwọ́ bá ń dun yín lẹ́yìn eré, kì í ṣe ọ̀já aṣọ ni yóò wò ó, ẹ sinmi, kí ẹ sì lọ fi han àwọn tó mọ̀ nípa ìtọ́jú iṣan àti eegun. Bẹ́líìtì kékeré tí ẹ máa ń rí nísàlẹ̀ ìgúnpá àwọn míràn, ìrora ìgúnpá ni wọ́n fi ń tọ́jú, iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀yin náà sì lè rántí ẹ̀gbà rọ́bà kan tó gbòde ní bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, Power Balance, tí àwòrán dídán kékeré wà lára rẹ̀. Wọ́n ní ó ń fún eléré ní agbára àti ìdúró dáadáa. Ní oṣù Kejìlá 2010, ilé-iṣẹ́ tó ń tà á ní Ọsirélíà jẹ́wọ́ ní gbangba pé kò sí ẹ̀rí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kankan tó ṣeé gbà gbọ́ tó ti ọ̀rọ̀ àwọn lẹ́yìn, wọ́n sì ní àwọn ṣe tán láti dá owó padà fún àwọn tó rà á. Rọ́bà kì í tiẹ̀ mu òógùn.

Èyí tó ń mu ún ni òwú. Bí ẹ bá fẹ́ rà á lọ́jà Ìyànà-Ìbà tàbí níbikíbi, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ara rẹ̀ yẹ kó ní okùn kéékèèké tó ká bí etí, bíi ti aṣọ ìnura, torí àwọn etí yẹn ló ń fi ààyè púpọ̀ sílẹ̀ fún omi láti wọ̀ sí. Òógùn tiyín gan-an lẹ lè fi dán an wò: ẹ fi ìka tó rin kàn án. Bí omi bá wọlé lójú ẹsẹ̀, òwú pọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá dúró lórí rẹ̀ bí ìrì lórí ewé kókò, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́. Kó di ọwọ́ mú láì fún ẹ̀jẹ̀ pa; bó bá fi ojú ilà jíjìn sílẹ̀ lára lẹ́yìn tí ẹ bọ́ ọ, ó ti fún jù.

Ẹ kò tiẹ̀ ní láti rà á. Aṣọ ìnura àtijọ́ tó ti ya láàárín ṣì ní etí tó dára. Ẹ gbé e lọ fún aránṣọ àdúgbò, kó fi okùn wọn ọrùn ọwọ́ yín, kó gé e ní fífẹ̀ ìka mẹ́jọ, kó ṣẹ́ ẹ po sí méjì kó lè di ìka mẹ́rin, kó sì fi rọ́bà tó ń nà sínú ìṣẹ́tí kọ̀ọ̀kan. Kó máa ṣe é ní méjì méjì. Èyí tó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin ń mu omi ju èyí tó fẹ̀ tó ìka méjì lọ, àwọn tí òógùn wọn pọ̀ sì lè jẹ́ kó gùn sí i sí ọ̀nà ìgúnpá, kó má ṣe sún mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ débi tó máa dí ọrùn ọwọ́ lọ́wọ́ láti tẹ̀. Ẹ fi í sí òkè eegun tó yọ gọngọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọwọ́.

Lẹ́yìn eré, ẹ má dì í sínú àpò pẹ̀lú bàtà. Òógùn tó sùn mọ́jú nínú aṣọ tútù a máa rùn, a sì máa bí ohun tó ń fa làpálàpá, nítorí náà ẹ má yá ara yín lò bó ti wù kí ẹ fẹ́ràn ara yín tó. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ fún un dáadáa, ẹ ṣí inú rẹ̀ síta kí ẹ tó sá a sórí okùn, torí inú ló ń pẹ́ gbẹ jù. Nígbà òjò, ó lè lo ọjọ́ méjì lórí okùn kó tó gbẹ ní àdúgbò wa yìí. Bí àárọ̀ Sátidé bá mọ́ tó ṣì tutù, ẹ fi í sórí okùn, kí ẹ ki áńkáṣíìfù sínú àpò ṣòkòtò, kí ẹ máa lọ.